Orí Keje: Ilẹ̀ Àlàfo Láàárín Ilé Gbígbé àti Iléeṣẹ́

Bí alágbàtà ilẹ̀ bá mú yín lọ wo pulọ́ọ̀tì kan, tí ẹ rí i pé gbalasa ni ẹ̀yìn rẹ̀, koríko tútù, kò sí ilé, kò sí ariwo, ó dájú pé ibẹ̀ máa wù yín. Alágbàtà náà á sì tètè fi iyọ̀ sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó máa kọ́lé síbẹ̀ láéláé. Ilẹ̀ ìjọba ni." Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ó sì lè jẹ́ pé kí ọdún mẹ́ta tó pé, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé sọ́míìlì kalẹ̀ sí. Ẹni tó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ kó tó sanwó la kọ orí yìí fún, àti ẹni tó ti kọ́lé tán, tó ti kó wọlé, tó wá ń fi ìfura wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ilẹ̀ àlàfo ni ilẹ̀ tí òfin ní kí á fi sílẹ̀ láàárín ìlò méjì tí kò bára mu: ilé gbígbé àti iléeṣẹ́, ilé ìwé àti ilé epo, ilé àti títì márosẹ̀, ilé àti wáyà iná ńlá. Àwọn alágbàtà a máa pe gbogbo rẹ̀ ní sẹ́tíbáàkì, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Sẹ́tíbáàkì wà nínú pulọ́ọ̀tì yín. Owó yín lẹ fi rà á, ẹ kàn ò gbọdọ̀ kọ́lé dé ibẹ̀ ni. Bí ẹ bá fi mítà 3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, tí aládùúgbò yín náà fi mítà 3 sílẹ̀, mítà 6 ló wà láàárín ògiri yín àti tirẹ̀. Ìyẹn tó fún ilé gbígbé méjì. Kò tó fún ilé gbígbé àti ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ àlàfo fi wà: ẹ̀yìn odi yín ló wà, kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ti ẹni tó wà ní òdìkejì. Ohun tí kò bá sì ní olówó kan pàtó ládùúgbò wa, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àlàfo tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kì í pẹ́ di ilé onílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ìlú wa àtijọ́ ní igbó ilé, ìyẹn igbó dídí tí wọ́n dá sí yí odi ìlú ká nítorí ogun. Lóko, peregún ni ẹ̀rí ààlà. Ẹni bá hú peregún ẹlòmíì, ẹjọ́ dé nìyẹn. Èyí tí àwọn amúnisìn mú wá ni kò bọ́ sí i. Lábẹ́ Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó tó ṣe òfin ìlú ọdún 1917, ìlànà wọn ni pé kí ilẹ̀ tí kò ní ilé rárá, tó fẹ̀ tó yáàdì 440, ìyẹn bíi mítà 400, wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé ọmọ ìbílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kò ní lè fò ó kọjá, iná tó bá sì ran òrùlé koríko kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀, alásè wọn àti ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ń sùn ní ẹ̀yìnkùlé kan náà. Ẹ̀fọn wo ló ń béèrè ẹni tó ni yàrá? Mo mẹ́nu bà á nítorí pé títí dòní, àwọn kan ṣì gbà pé ọ̀rọ̀ àlàfo jẹ́ ti olówó GRA tí kò fẹ́ fojú kan tálákà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tálákà tó háyà yàrá lẹ́yìn iléeṣẹ́ ló nílò rẹ̀ jù.

Ta ló láṣẹ lórí rẹ̀ báyìí? Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ètò ìlú ní 1992, ṣùgbọ́n ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pè, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú. Èkó wá ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010. Nínú òfin yẹn, LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló ń ṣọ́ ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, LASURA ló sì ń tún àdúgbò tó ti gbó ṣe. Bí ilẹ̀ yín bá wà ní Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Ọ̀ṣun, orúkọ ọ́fíìsì lè yàtọ̀, àmọ́ ìbéèrè kan náà lẹ ó gbé lọ: irú ìlò wo ni wọ́n kọ sórí ilẹ̀ yìí, irú èwo ni wọ́n kọ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ló sì wà láàárín wọn? Àwọn apá kan l'Ékòó, bí Ìkòyí, Victoria Island àti Ìkẹjà, ní máàpù ètò àdúgbò tó fi àwọ̀ ya ìlò òpópónà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní "ó wà nínú máàpù", ẹ ní kó tẹ́ máàpù náà síwájú yín.

Ìjọba àpapọ̀ ṣì di àwọn ìwọ̀n kan mú o, àwọn yìí ló sì ń wó ilé jù. Lábẹ́ wáyà iná 330kV, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 50 gbọ́dọ̀ ṣófo: 25 sí ọ̀tún, 25 sí òsì, láti àárín òpó. Ti 132kV jẹ́ mítà 30, ìyẹn 15 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Títì ìjọba àpapọ̀ gba mítà 45.72 láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó rí játijàti yẹn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 150 tí àwọn ará àtijọ́ fi wọn ilẹ̀ lọ. Ti ilé epo, ìlànà tí àjọ DPR fi sílẹ̀ kí òfin epo ọdún 2021 tó fi NMDPRA rọ́pò rẹ̀ ni pé ilé epo tuntun gbọ́dọ̀ jìnnà sí èyí tó ti wà ní ó kéré tán mítà 400, pé láàárín kìlómítà 2, ilé epo kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo sì gbọ́dọ̀ fi mítà 15 jìnnà sí etí títì. Ti òpó fóònù ni ó dùn mí jù: NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ní kó fi mítà 5 jìnnà sí ilé, NESREA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, ní 10. Ìjọba kan náà, ẹnu méjì. Ẹ̀yin ẹ bá mi di 10 mú, kó má baà di pé àwọn àjọ méjèèjì ń jà, òpó wà lórí yàrá ọmọ yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Wọ́n á gbé téèpù lé etí gọ́tà, wọ́n á kà á dé 45, wọ́n á ní àwọn ti bọ́. Àárín títì ni ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe etí gọ́tà. Bí títì bá sì jẹ́ oníbejì, àárín gbogbo rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n gbin òdòdó sí. Ohun kejì ni pé odi kì í ṣe ààlà. Ẹni tó mọ odi lè ti yọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Pílà tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ni ààlà. Ẹ wá pílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kódà bí koríko bá ti bò wọ́n, kí ẹ sì ka nọ́ńbà orí wọn mọ́ ti ìwé sọ́fè. Fóònù ńkọ́? Fóònù lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà. Ó tó láti mọ àdúgbò tí ẹ wà, kò tó láti mọ̀ bóyá yàrá ìdáná yín wà lábẹ́ wáyà. Ẹ gbé ẹ̀dà ìwé sọ́fè náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, tó wà ní Aláùsá fún àwọn ará Èkó, kí wọ́n gbé e lé orí máàpù ìjọba. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá gbalasa tí alágbàtà fi ń fa ojú yín mọ́ra jẹ́ ọ̀nà omi, ọ̀nà páìpù, tàbí ilẹ̀ ẹnì kan tó ń dúró de owó kó tó kọ́ iléeṣẹ́ síbẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ ohun tí àlàfo lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ariwo ni mo máa fi ṣáájú, torí òun ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ariwo tó bá ti ojú kan jáde, bíi ti jẹnẹrétọ̀, máa ń fi désíbẹ́ẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀ nígbàkígbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́nà. Ká ní jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì kan ń ké 80 ní mítà 5. Ní mítà 10, ó di 74. Ní 20, 68. Ní 40, 62. Ní 80, 56. Ìwọ̀n tí LASEPA, àjọ àyíká ìpínlẹ̀, gbà láàyè fún àdúgbò ilé gbígbé l'Ékòó ni 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Gígùn pulọ́ọ̀tì Èkó kò ju mítà 36 lọ, ìyẹn ni pé ẹ ti rin gígùn pulọ́ọ̀tì méjì kọjá, ariwo náà kò tíì wọ inú òfin, kódà lọ́sàn-án gangan. Alágbàtà tó bá ní ilẹ̀ àlàfo mítà 10 máa gbà yín lọ́wọ́ ilé búrẹ́dì kò tíì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì rí.

Kí ló máa ràn yín lọ́wọ́ nígbà náà? Ògiri ni. Odi tí kò ní ihò, tó ga débi pé ẹ kò lè rí ẹ̀rọ náà láti ojú fèrèsé yín, máa ń gé bíi désíbẹ́ẹ̀lì 5 kúrò lójú ẹsẹ̀. Igi kò lágbára tó bí a ṣe rò. Àwọn tó ń bójú tó òpópónà ní Amẹ́ríkà kà á pé igi tó dí gan-an, tó sì fẹ̀ tó mítà 60, ló lè gé 10. Ìlà kan ṣoṣo igi másíkárédì létí odi, ojú nìkan ló ń dí. Dídí ojú náà dára o, torí ohun tí a kò rí kì í bí wa nínú tó ohun tí à ń rí. Àmọ́ ẹ má sanwó igi kí ẹ máa retí oorun.

Èéfín àti òórùn kò gbọ́ ti ògiri. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gùn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́ jù lọ́dún. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń yí padà, tó ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Ilé tó bá wà ní àríwá ìlà-oòrùn iléeṣẹ́ ló ń jẹ èéfín jù. Nítorí náà, bí pulọ́ọ̀tì méjì bá wà nílẹ̀, tí iléeṣẹ́ kan náà wà láàárín wọn, owó wọn kò yẹ kó dọ́gba. Ẹ lo èyí láti fi dúnàá-dúràá. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò sí àlàfo pulọ́ọ̀tì tó lè gbà wọ́n. Ní Ogijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àlòkù ti wà nítòsí ilé gbígbé, eruku òjé kì í dúró lẹ́nu odi. Mítà 20 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwàdà ni.

Bí ẹ̀yin bá wá ni ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbígbé, ẹ fi àlàfo yín sínú ilẹ̀ tiyín, ẹ má retí kí ìjọba bá yín wá a. Ẹ kọ́ ọ́fíìsì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí sí apá tó kọjú sí ilé àwọn èèyàn, kí ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ wà ní apá tó jìnnà sí wọn jù. Ẹ yà géètì akẹ́rù sọ́tọ̀ sí ojú títì ńlá. Ọ̀pọ̀ ìjà àdúgbò kì í ṣe nítorí iléeṣẹ́ bí kò ṣe nítorí tírélà tó dí ọ̀nà ilé ìwé. Lane Kendig, onímọ̀ ètò ìlú ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé Performance Zoning ní 1980, mú ọgbọ́n kan wá tí mo fẹ́ràn: dípò kí òfin dá ìwọ̀n kan ṣoṣo, kó jẹ́ kí onílẹ̀ yan èyí tó wù ú. Ó lè fi ilẹ̀ fífẹ̀ sílẹ̀ kó gbin igi díẹ̀, ó sì lè fi ilẹ̀ tóóró sílẹ̀ kó gbin igi púpọ̀ kó sì mọ odi. Ẹni tí ilẹ̀ wọ́n fún máa fi igi àti odi dí i. Fún wa tí pulọ́ọ̀tì wa kéré, èyí bọ́gbọ́n mu ju ká kàn máa da ìwọ̀n òyìnbó kọ. Kí ẹ sì rántí pé òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti wà láti 1992. Iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe é.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ìlú yẹn kò ní òfin tó pín àdúgbò sí ilé gbígbé àti iléeṣẹ́. Wọ́n dìbò lé e ní 1948, 1962 àti 1993, wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àdéhùn tó wà nínú ìwé ilẹ̀ ẹ́sítéètì ni wọ́n gbára lé, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì lè ní ọjọ́ tó máa parí. Ẹ kà á dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Ní àdúgbò kan tí mo gbé rí, mo fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe jẹ ilẹ̀ àlàfo tán, èmi náà sì wà lára àwọn tó bá wọn jẹ ẹ́. Ìyá kan ló kọ́kọ́ gbé agbada àkàrà kalẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn. Àkàrà yẹn dùn. Ta ló fẹ́ lé e? Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n fi páànù bo orí ibẹ̀. Fọkanáísà wá gbé pọ́ǹpù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọkanáísà mú mẹkáníìkì wá, mẹkáníìkì mú mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ wá, mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ kì í sì í lọ. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù tiwa gan-an kọ́ ilé ìpàdé sí apá kan, wọ́n ní fún ààbò ni. Ìgbà tí ẹnì kan wá kó búlọ́ọ̀kù wá tó ń mọ odi yí gbogbo rẹ̀ ká, ó ti gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pariwo. Ohun tó fi dá wa lóhùn ni pé, "Baba, ẹ̀yin náà kúkú ti kọ́ tiyín." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Omi òjò tó ń gba ibẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ wá ń gba inú pálọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ìdí ìpìlẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ bá àwọn tó ń jẹ ilẹ̀ àlàfo jà, kì í ṣe ìdí òrùlé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ya fọ́tò ibẹ̀ lóṣooṣù, kí déètì hàn lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ bá balẹ̀, kí lẹ́tà ti dé ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìkọ́lé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwọlé sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má fi fóònù nìkan ṣe é. Ọ̀gá tó gbé fóònù yín lónìí lè ti kúrò lọ́la. Ẹ kọ nọ́ńbà pílà sínú lẹ́tà, ẹ fi ìwọ̀n sí i, ẹ yọ èébú kúrò.

Àwọn ohun kan sì wà tí àlàfo kò lè wò sàn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kínní, 2024, ìbúgbàmù kan wó ilé ní Bódìjà, Ìbàdàn, àdúgbò tí wọ́n dìídì ṣètò fún ilé gbígbé. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ìlò tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìlú ti wọ inú yàrá, àlàfo wo ló kù? Ní Abúlé-Adó l'Ékòó, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, 2020, NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sílíńdà gáàsì tí wọ́n tò nítòsí ọ̀nà páìpù, ló bá bú gbàmù. Ẹ̀mí tó lé ní 20 ló bá a lọ, ilé ìwé ọmọbìnrin kan sì bàjẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yẹ àdúgbò wò, ẹ má wo ilẹ̀ nìkan. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbé wọ inú ilé lóru.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn tó fẹ́ rà pé kí wọ́n lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láìmú alágbàtà dání: ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní alẹ́ Sátidé, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ bá ẹni tó háyà ilé sọ̀rọ̀, ẹ fi lándílọ́ọ̀dù sílẹ̀. Onílé fẹ́ kí owó ilẹ̀ máa gòkè, ayálégbé á sọ òótọ́ fún yín.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń gbé ibẹ̀, ẹ wá iṣẹ́ fún ilẹ̀ náà kí ẹlòmíì tó wá a fún un. Ẹ gba ìwé láti ọ́fíìsì ètò ìlú pé ẹgbẹ́ yín ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹ la ojú omi, ẹ la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá kí èèyàn máa rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ sì gbin peregún láti pílà dé pílà. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ̀ka lásán ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tì bọlẹ̀ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, á sì hù.